Ohun Tí Ẹ Ń Sun Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ìyá kan tó ń gbé ní Ọbáńtokò, níbí ní Abẹ́òkúta, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń ta èlò oúnjẹ, ó ní oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tó tó éékà méjì lọ́nà Ọdẹdá, ó sì máa ń wọ ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ sí Èkó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, láti lọ wo ọmọ rẹ̀ tó bímọ, kó sì ra ọjà bọ̀. Ó ní àbíkẹ́yìn òun tó wà ní ilé ìwé gíga fẹ̀sùn kan òun pé òun ń ba ayé jẹ́: ọ̀rá ni òun fi ń di ọjà, iná ni òun fi ń tún oko ṣe, mọ́tò ni òun fi ń rìn. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: “Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní owó bíi ti òyìnbó. Tí mo bá fẹ́ máa rajà, kí n máa dáko, kí n máa rìnrìn àjò láìba ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jẹ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ mi tún ní kí n gbin igi. Igi wo?”

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn àgbẹ̀ lọ sóko láti wo ilẹ̀ wọn, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè yìí lónírúurú ọ̀nà. Ìdáhùn mi kì í yí padà mọ́: ọ̀rá kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Iná ni. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí lẹ ń sun? Ẹ ka á sórí ìka. Igbó tí ẹ ń sun lóṣù Kejì, pàǹtí tí ẹ ń sun lẹ́yìnkùlé, èédú tí ẹ fi ń se ẹ̀wà, bẹntiróòlù inú ọkọ̀, bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìdílé bíi tiyín ń fi sínú afẹ́fẹ́ wà nínú márùn-ún yìí, àwọn náà ló sì ń kó owó yín lọ.

Mo ní ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi ọ̀rá sílẹ̀ ná. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó tán máa ń di kílò 2.3 carbon dioxide, gáàsì tí ojú kì í rí tó ń mú kí ayé gbóná sí i. Ẹnu máa ń ya àwọn èèyàn tí mo bá sọ ọ́, torí lítà bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ kò tó kílò kan. Oxygen inú afẹ́fẹ́ tó ń fà mọ́ra bó ṣe ń jó ló fi kún ìwúwo rẹ̀. Ní báyìí, láti ọ̀dọ̀ yín dé Èkó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ká ní ọkọ̀ yín ń mu lítà 10 ní àlọ, tó tún mu 10 ní àbọ̀, kílò 46 lẹ fi sínú afẹ́fẹ́ ní Sátidé kan yẹn. Ọ̀rá kékeré tí ẹ fi ń di gààrí kò wúwo ju gíráàmù márùn-ún lọ. Tí a bá ro èéfín tí wọ́n fi ṣe é pọ̀ mọ́ èyí tó máa rú nígbà tí ẹ bá sun ún, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 30 lọ. Ẹ ó lo ọ̀rá tó lé ní 1,500 kó tó tó lílọ-bọ̀ Èkó kan. Ọ̀rá ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, n ó padà sórí rẹ̀, àmọ́ kí ọmọ yín má ṣe gbé e ga ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti oko bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti jẹ́ ọ̀gá ara yín.

Lọ́dún kan, àwa àti àwọn àgbẹ̀ abúlé kan lápá Ọdẹdá jọ dá oko kan tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. A ò sun ún. A ṣán igbó rẹ̀, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, ewé àti koríko bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ nípọn. Ọyẹ́ dé. Ẹnì kan tó ń dọdẹ ọ̀yà tanná sí igbó ẹ̀gbẹ́ wa, atẹ́gùn sì gbé e wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo débẹ̀. Ilẹ̀ ṣì ń gbóná lábẹ́ bàtà mi. Ìkarahun ìgbín fọ́n káàkiri, ó funfun bí ẹfun. Mo mú ọ̀kan, ó rún sí mi lọ́wọ́. Mo gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ níbi tí ekòló ti ń yọ ṣùkùṣùkù lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, n kò rí ẹyọ kan. Ìyá àgbà kan tó ni apá kan oko náà dúró tì mí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fi ẹsẹ̀ rú eérú. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo padà lọ. Omi tó ń ṣàn kúrò nínú oko náà dúdú bí omi èédú, odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ló ń lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú ewé àti koríko, oúnjẹ oríṣiríṣi ló wà fún ilẹ̀. Èyí tí ń mú kí ewé àgbàdo dúdú minimini, ìyẹn nitrogen, ń bá èéfín lọ tí iná bá ti jó o. Àwọn yòókù bíi potash máa ń kù sínú eérú. Òun ló fà á tí àgbàdo ọdún àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ tí a sun fi máa ń dára, tí àwọn èèyàn sì fi gbà pé iná ń ṣe ilẹ̀ lóore. Àmọ́ eérú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òjò ńlá méjì mẹ́ta ti tó gbé e lọ, ilẹ̀ á wá wà níhòòhò, oòrùn á máa lù ú, á le gbagidi. Lọ́dún kẹta ẹ ó máa wá owó ajílẹ̀ òyìnbó láti ra ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín sun.

Àwọn bàbá wa náà sun oko, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sun ún tí wọ́n sì dá a fún ọdún mélòó kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, títí igbó á fi tún di igbó. Ta ló ní ilẹ̀ tó lè sinmi fún ọdún mẹ́wàá lọ́nà Ọdẹdá lónìí? Ọdọọdún la ń sun ilẹ̀ kan náà. Àṣà náà kò yí padà, àmọ́ ilẹ̀ tó ń gbé e ti kéré.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: iná kò gba owó, alágbàṣe ń gba owó. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Àìsí ọwọ́ ló ń mú wa tanná, kì í ṣe àìmọ̀kan. Àmọ́ ọmọ Ẹ̀gbá ni wá. Iṣẹ́ àáró ni Lísàbí fi kó àwọn èèyàn jọ kó tó di pé wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Mo rí àwọn obìnrin mẹ́fà ní abúlé kan tí wọ́n tún un ṣe láìfi ariwo pè é ní nǹkan kan. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni, wọ́n jọ ṣán oko ẹnì kan, wọ́n jẹ ẹ̀bà níbẹ̀, wọ́n lọ sílé. Láàárín oṣù kan àti ààbọ̀ wọ́n ti yí oko mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká, kò sẹ́ni tó ṣá ìṣáná. Ẹ wá èèyàn mẹ́rin péré tí oko wọn sún mọ́ tiyín. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe tí ẹ ò bá lè ṣe òmíràn.

Tí ẹ bá ti ṣán an, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ebè, ẹ má kó o jù nù. Pòpórò àgbàdo náà, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹkan ló ń dà yín láàmú, tí ẹ fi ń sun ún, iná kò lè pa ẹkan. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, iná á kàn jó orí rẹ̀ kó tún lè rú jáde ní ọ̀tun. Ohun tó ń borí ẹkan ni òjìji. Ẹ̀wà kan wà tí wọ́n ń pè ní mucuna, ìbátan wéréǹpè inú igbó ni, àmọ́ èyí tí wọ́n ń gbìn kì í yúnni. Ẹ gbìn ín sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo bá ti tó bí ọjọ́ 45, kó má baà gùn ún pa. Á bo ilẹ̀ pátápátá, á fún ẹkan lọ́rùn, á sì fi nitrogen sínú ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Olómìnira Benin tó múlé gbè wá ló fi gba oko wọn padà lọ́wọ́ ẹkan láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹ má ṣe jẹ èso rẹ̀ o, ilẹ̀ ló ni ín. Ẹ lè béèrè irúgbìn rẹ̀ ní yunifásítì àgbẹ̀ wa, FUNAAB, ní ọ̀nà Alábàtà, tàbí kí ẹ ránṣẹ́ sí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn.

Ní ti ajílẹ̀: ẹ kọ̀wé pé Urea ni ẹ ń fọ́n sórí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Àpò Urea oníkílò 50 ní kílò 23 nitrogen nínú. Tí ẹ bá fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tí oòrùn sì mú un, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè fò lọ sínú afẹ́fẹ́ kí àgbàdo tó rí i lò. Òórùn tó ń ta yín nímú lẹ́yìn ọjọ́ kejì, owó yín ló ń rùn yẹn. Òmíràn nínú rẹ̀ ń di gáàsì kan tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 270 ti carbon dioxide. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹsẹ̀ àgbàdo, ẹ bu díẹ̀ sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ bò ó. Ẹ ó lo èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, àgbàdo yín ò ní mọ ìyàtọ̀. Ìgbẹ́ adìẹ sì pọ̀ yí Abẹ́òkúta ká. Àwọn olóko adìẹ mìíràn ń wá ẹni tó máa bá wọn kó o. Ẹ má fi í sóko ní tútù, á jó irúgbìn. Ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kò ní rùn mọ́.

Èèpo ẹ̀gẹ́ yín ńkọ́? Èmi mọ̀ pé níbi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí, òkìtì ni wọ́n ń kó o jọ sí, tó bá gbẹ wọ́n á sun ún, tí kò bá gbẹ á jẹrà, á máa rùn dé títì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì tàbí tapólì kó sá fún ọjọ́ méjì mẹ́ta nínú oòrùn tó mú, kí oró inú rẹ̀ lè fò lọ. Oúnjẹ ewúrẹ́ nìyẹn, ẹni tó ní ewúrẹ́ á rà á lọ́wọ́ yín. Omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún ní tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dé odò. Ẹ wo koríko ibi tó bá ti ń ṣàn, ẹ ó rí ohun tó ń ṣe.

Oògùn apakòríko, n ó sọ díẹ̀. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń tà á fún yín lábẹ́ káńtà, ẹ má rà á. Ẹ̀kún ẹnu kan rẹ̀ tó láti pa àgbàlagbà, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Ẹ má sì bu oògùn oko kankan sínú ìgò tí ọmọdé lè rò pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjà.

Tí ẹ bá dé Kútọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn àwọn tó ń ta tòmátì. Òkè Ọya ni tòmátì yẹn ti wá, nínú apẹ̀rẹ̀, èyí tó wà lókè ń tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ pa. Ilẹ̀ tí wọ́n fi gbìn ín, ajílẹ̀ tí wọ́n fi sí i, epo tí tírélà jó, gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò pọ̀ tí tòmátì bá di omi. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò rẹ̀ ní 2011 pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tí gbogbo ayé ń pèsè ló ń ṣòfò. Èyí tó jẹrà nínú òkìtì pàǹtí tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ máa ń mú gáàsì methane jáde, èyí tó lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po 28 carbon dioxide. Nítorí náà, oúnjẹ tí ẹ kò jẹ́ kó bàjẹ́ ló ń ṣe ayé lóore jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ń rà. Ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ máa sè. Èyí tó ti rọ̀ díẹ̀, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú nírọ̀lẹ́, ẹ rà á kí ẹ sè é gbẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ tó síwájú, kí tuntun wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ ìyẹn jù mí lọ.

Ìrẹsì: Ọ̀fàdà kò jìnnà sí wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀báfẹ́mi-Owódé ló wà. Orí ilẹ̀ òkè ni wọ́n ti ń gbin ọ̀pọ̀ ìrẹsì tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà, pẹ̀lú omi òjò. Ìrẹsì inú àbàtà tí omi bò fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń mú methane jáde ní gbogbo ìgbà yẹn. Tí apá yín bá ká Ọ̀fàdà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó dára. Ẹ̀wà tún dára ju ẹran màlúù lọ fíìfíì. Màlúù ń gùfẹ̀ methane láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀wà ń fi nitrogen sínú ilẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ má jẹ ẹran mọ́. Mo ní kí ẹ fi mọ́ínmọ́ín rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì pọ́n ọn sínú ewé eéran. Mo ṣì rántí bí ìyá mi ṣe ń ṣẹ́ ewé náà: á fi àkísà nù ún, á ká a bí i ìwo, á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, á bu ẹ̀wà sí i, a kì í rí i kó jò. Ewé yẹn, ẹ jù ú sórí ilẹ̀ lóṣù Kẹfà, tí oṣù Kẹsàn-án bá fi dé ẹ ò ní mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń se mọ́ínmọ́ín báyìí, ẹni tó máa sin ọmọ-ọmọ yín á ṣì bá a níbẹ̀.

Èédú. Nígbà tí wọ́n bá ń sun èédú nínú ilẹ̀ bí àwọn tiwa ṣe ń ṣe é, igi tó tó kílò márùn-ún sí mẹ́jọ ló ń lọ sínú kílò èédú kan, nígbà mìíràn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tó le ni wọ́n ń wá, irú ayìn àti apá, tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún nínú igbó. Gáàsì ìdáná sàn jù ú lọ fún igbó àti fún ẹ̀dọ̀fóró yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilẹ̀ lòun náà ti wá. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta gáàsì, n kò ní sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò lọ sọ́jà. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ máa dé ìkòkò, ẹ fi gáàsì se èyí tó yá, kí ẹ fi èédú sílẹ̀ fún èyí tó pẹ́. Èédú tí ẹ ń lò á dín kù.

Ní báyìí, ọ̀rá. Láyé àtijọ́ gbogbo ilé ló ní ààtàn. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, eérú, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Ìbẹ́pẹ, ata àti ẹ̀fọ́ a sì máa dá hù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Ààtàn kì í ṣe ìdọ̀tí nígbà náà, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Ọ̀rá àti ike ló sọ ọ́ di ohun tí a ní láti sun, ibẹ̀ sì ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rá wà. Ẹ dúró ti ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ẹ wò ó: ọ̀rá á sùnkì, á máa kán tótó pẹ̀lú iná, á máa dún fíì, fíì, èéfín dúdú á sì wọlé tọ ọmọ tó ń sùn. Ike mìíràn ń mú oró kan jáde tí wọ́n ń pè ní dioxin, kì í tètè kúrò lára. Ní Agbogbloshie ní Accra, níbi tí wọ́n ti ń sun wáyà àti ike nígbà náà, àwọn oníwádìí rí i nínú ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ níbẹ̀, ní 2019. Adìẹ yín náà ń tú eérú ẹ̀yìnkùlé yín.

Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe kò le: ẹ ya pàǹtí sí méjì. Ohun tó hù láti inú ilẹ̀ padà sí ààtàn, ẹ bò ó pẹ̀lú ewé gbígbẹ. Oṣù mẹ́ta, ó di ajílẹ̀. Ọ̀rá pió wọ́tà, ike àti agolo, ẹ kó wọn sínú àpò ní gbígbẹ. Ṣọ́ọ̀bù yín ń ta pió wọ́tà, torí náà ẹ gbé àpò kan sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn oníbàárà máa ju ọ̀rá sínú rẹ̀. Àwọn tó ń rà á láti fi ṣe nǹkan mìíràn wà káàkiri ìlú. Èyí tí kò lọ sí ọ̀dọ̀ wọn, gọ́tà ló ń lọ, láti gọ́tà dé odò Ṣokorí, láti Ṣokorí dé odò Ògùn. Nígbà tí Ṣokorí bá kún wọlé, ọ̀rá yẹn wà lára ohun tó dí i lọ́nà.

Ẹ tún dárúkọ àdìrẹ tí ẹ ń rà ní Ìtòkú. Ẹ máa rà á, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ aláró yín ibi tó ń da omi aró sí. Élú àti omi eérú ayé àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, àmọ́ kọ́sítíìkì àti kẹ́míkà tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí kò yẹ kó wọ gọ́tà. Tí oníbàárà mẹ́wàá bá béèrè, aláró náà á ronú sí i.

Ó ku ìrìn àjò, ibẹ̀ kò gùn. Mo ti ṣírò Sátidé kan fún yín. Àádọ́ta Sátidé lọ́dún jẹ́ kílò 2,300, ìyẹn tọ́ọ̀nù méjì ó lé. Bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá láti gáréèjì Kútọ̀ á jó epo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọkọ̀ yín, tàbí díẹ̀ sí i, àmọ́ ẹni mẹ́rìnlá ló máa pín in. Tiyín kò ní ju bíi kílò méjì lọ ní àlọ. Rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ní ibùdókọ̀ ní Láderin níbí, èyí tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ. Dísù ló ń mu lóòótọ́, àmọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló ń kó lẹ́ẹ̀kan. Tí àkókò rẹ̀ bá bá tiyín mu, òun ni kí ẹ wọ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé ọmọ-ọmọ nìkan lẹ fẹ́ lọ wò. Ọkọ̀ ọkọ yín, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹrù pọ̀. Ó sì dá mi lójú pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń lọ ra ọjà l'Ékòó láti Ọbáńtokò. Ẹ wá ọlọ́ṣọ́ọ̀bù méjì, kí ẹ máa pín lílọ náà ṣe: ní ọ̀sẹ̀ yìí ẹ̀yin lẹ ra ti ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn ni. Àáró náà ni, ojú títì ló kàn wà báyìí. Kí ọkọ yín sì máa wo afẹ́fẹ́ táyà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Táyà tó rọ̀ ń jẹ epo.

Ìgbà tí ẹ bá tún ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹ ń rò pé kí lẹ lè fi rà, ẹ má rà á ní jẹnẹrétọ̀ mìíràn. Sólà kékeré tó lè tan gílóòbù mẹ́rin kó sì gba fóònù àwọn oníbàárà sára láti ṣáájì á bẹ̀rẹ̀ sí í san ara rẹ̀ padà fún yín.

Ó wá kan igi. Kí ọmọ yín má bínú, igi kan ṣoṣo kò lè pa gbèsè tọ́ọ̀nù méjì lọ́dún kan, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà láti gbìn ín. Ẹ má gbin èyí tí ẹ kò ní jẹ nǹkan kan lára rẹ̀, torí ẹ ó gé e lọ́jọ́ tí owó bá wọ́n yín. Ẹ gbin ààpọ̀ méjì àti àgbálùmọ̀ kan sí ààlà oko, jìnnà sí ebè. Ẹ fi gliricidia, igi kan tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà, tí ó bá ń rú lára ọgbà ẹlòmíràn há ààlà yòókù: ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó tó gígùn apá, ẹ tì í bọlẹ̀ lóṣù Kẹfà, á gbà, ewé rẹ̀ á di ajílẹ̀ àti oúnjẹ ewúrẹ́. Inú ìgbà òjò kan náà ni kí ẹ gbin ààpọ̀ àti àgbálùmọ̀, kí gbòǹgbò wọn lè mú ilẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Tí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, ẹ ro ẹsẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan yí ká ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì, kí koríko kankan má ṣẹ́kù níbẹ̀. Ẹ sì lọ bá ẹni tí oko rẹ̀ bá tiyín pààlà, kí ẹ bi í ní ọjọ́ tó máa sun tirẹ̀.